Etí Bébà

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n fún un lórúkọ.
Kó tó gba orúkọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé ń pè é.
"Ṣúgà ló pọ̀ jù," ni ìyá mi wí,
ó kó bisikíìtì kúrò nínú báàgì ilé-ìwé mi,
ó se àgbo dúdú.
Mo mu ún, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé,
ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀
bí yíǹkì pupa lórí bébà tí ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ṣómólú ni wá. Bébà ni bàbá mi ń gé,
nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan nítòsí Fọlá Àgòrò:
kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó.
Bó bá to bébà tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó dọ́gba,
á wò ó,
á tún un wò,
kó tó fa irin wálẹ̀.
Ó ní ohun tí a bá gé, a kì í so ó.
Èmi ni mo máa ń ṣa àgékù sínú àpò.

Ní Ìdí-Àràbà, lórí bẹ́ǹṣì onírin,
Màmá Ṣàléwá tó ti Ìta Fájì wá jókòó tì mí.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, àìsàn kan náà ló bá a.
Ó ní, "Ìwọ náà kẹ̀? Mo rò pé tàgbà ni."
Mo ní, "Èmi rò pé tọmọdé ni."
A rẹ́rìn-ín, inú dùn wá,
inú tún dùn wá ní ìdùn kejì, a di ikùn mú.

Dókítà Adégoróyè kì í purọ́ fún ọmọdé.
Ó fi báírò fa ìlà kan sẹ́yìn káàdì mi.
"Ibí ni ìwọ ti bẹ̀rẹ̀."
"Ibí ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀": ó kù díẹ̀ kó kan etí káàdì.
"Ẹni tó bá bá lọ́mọdé, ó sábà máa ń jẹ ẹ́ wọnú jinlẹ̀,
ọ̀nà tí wọ́n á jọ rìn sì gùn;
abẹ a máa kan ilẹ̀kùn irú wọn ju ti àgbà lọ.
Kì í ṣe òfin o.
Mo ti rí àgbà tí a là lóṣù àkọ́kọ́,
mo ti rí ọmọdé tó dìyá ọmọ, tí abẹ ò mọ ilé rẹ̀."

Gbogbo ayé ní í súre fọ́mọdé pé wàá pẹ́.
Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ro ó kí n tó ṣe àmín.

Oògùn wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ní mo ń jayé.
Abẹ́rẹ́ dé; bàbá mi ta ẹ̀rọ kan nínú méjì.
Mo ṣe ìdánwò, mo jáde láàárín ìdánwò,
mo mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti Yábà dé Ọ̀yìngbò,
èyí tó lómi, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé tì.
Màmá Ṣàléwá ń gba oògùn tirẹ̀, ó ń sanra.
Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo jowú rẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́dún kẹrìnlélógún, ìfun mi dí pátápátá.

Bàbá mi bá oníṣẹ́ abẹ lẹ́nu ọ̀nà.
Kò bèèrè iye owó. Ó ní, "Báwo ló ṣe máa gùn tó?"
Ọkùnrin náà na àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá.
Bàbá mi wọn àlàfo náà lójú, bí oníṣẹ́ ti ń wọn ọn.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.
Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ tún un wò."

Mo jí, ìlà kan wà níkùn mi,
ó gùn ju ti ẹ̀yìn káàdì lọ.
Mo bèèrè ibi tí wọ́n kó èyí tí wọ́n gé sí.
Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò.
Bàbá mi, tí kò tíì sùn láti àná, rẹ́rìn-ín díẹ̀:
"Àwọn náà ń ṣa àgékù."